Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí aṣọ lẹ́yìn tí a bá ti ilẹ̀kùn wọ́dúróòbù

Bí a bá ṣí wọ́dúróòbù ní àárín oṣù keje, òórùn ló sábà máa ń kọ́kọ́ pàdé ẹni kí ojú tó rí aṣọ. Òórùn náà jọ ti ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Àwọn kan á ní òórùn aṣọ tó ti pẹ́ nílẹ̀ ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá, èbu ló ti ń hù níbì kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé aṣọ tí a ti fọ̀, tí a ti lọ̀, tí a sì ti kó pamọ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ewu títí di ọjọ́ òde. Ṣùgbọ́n ibi tó wà yẹn gan-an ni nǹkan ti ń ṣe é: ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, ìwúwo aṣọ tó wà lórí rẹ̀, àti òógùn ẹni tó wọ̀ ọ́ kẹ́yìn. Ẹni tó bá mọ bí àwọn wọ̀nyí ṣe ń ṣiṣẹ́ ni yóò mọ bó ṣe yẹ kí òun to aṣọ.

Láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá, afẹ́fẹ́ Èkó, Ìjẹ̀bú àti Ìbàdàn máa ń kún fún omi, òwú a sì máa fà á mu láìsí pé ẹnikẹ́ni da omi sí i lára. Tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá ti lé ní nǹkan bí ìdá 70 nínú 100, tí afẹ́fẹ́ náà kò sì rí ọ̀nà gbà kọjá, èbu ti rí ibùgbé nìyẹn. Wọ́dúróòbù tí wọ́n kàn mọ́ ògiri ló máa ń jìyà jù, pàápàá tí balùwẹ̀ bá wà lẹ́yìn ògiri náà, tàbí tó bá jẹ́ ògiri tí òjò ń nà láti ìta. Irú ògiri bẹ́ẹ̀ máa ń tutù ju inú yàrá lọ. Omi inú afẹ́fẹ́ á wá sẹ̀ sí i lára, bó ṣe ń sẹ̀ sára ìgò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fíríìjì, aṣọ tó bá sì fara tì í ni yóò mu omi náà.

Nítorí náà, kí á má jẹ́ kí aṣọ kan ògiri ẹ̀yìn. Tó bá jẹ́ wọ́dúróòbù tó ṣeé gbé, kí á fà á síwájú níwọ̀n ìka mẹ́ta. Kí á má sì fún aṣọ pọ̀. Ọwọ́ ni a fi ń wọ̀n ọ́n: bí àtẹ́lẹwọ́ kò bá lè wọ àárín aṣọ méjì tí a fi háńgà kọ́ láìjẹ́ pé a tì í, aṣọ ti pọ̀ jù níbẹ̀. Náílọ́ọ̀nù tí alágbàfọ̀ fi bo aṣọ kò wúlò ju ìgbà tí a ń gbé e lọ sílé lọ. Tó bá wà lára aṣọ ní oṣù mẹ́fà, ńṣe ló ń há ọ̀rinrin mọ́ ọn. Kí á bọ́ ọ lọ́jọ́ tó wọlé gan-an. Aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ pàápàá ṣì ní omi áyọ́ọ̀nù lára, ó yẹ kó gba afẹ́fẹ́ níta fún bíi wákàtí kan kó tó wọlé.

Kòkòrò ńkọ́? Ẹ̀sùn tí wọn kò jẹ̀bi rẹ̀ la sábà máa ń kà sí wọn lọ́rùn. Kòkòrò aṣọ, èyí tí ìdin rẹ̀ ń lu aṣọ ní ihò wínníwínní, kì í jẹ òwú tó mọ́. Ohun tó jẹ mọ́ irun ẹran, ìyẹ́ àti sílíìkì ló ń wá. Sányán àtijọ́, tí wọ́n fi fọ́nrán ìtẹ́ kòkòrò inú igbó hun, wà nínú ewu rẹ̀. Kóòtù onírun tí àwọn ará wa ń wọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òwú àti fọ́nrán ilé iṣẹ́ ló pọ̀ jù nínú aṣọ òkè tí à ń rà lóde òní, ìdin yìí kò sì bìkítà fún un, àfi tí òógùn tàbí ọbẹ̀ bá ti ta sí i. Aáyán ńkọ́? Ó ń wá oúnjẹ àti sítáàṣì. Gínì tí a fi sítáàṣì sí títí ó fi dúró gbọn-in jẹ́ àsè fún un. Ó sàn kí á fọ sítáàṣì kúrò kí á tó kó irú aṣọ bẹ́ẹ̀ pamọ́ fún ìgbà pípẹ́, kí á sì fi òmíràn sí i nígbà tí òde bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ikán sì ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, nítorí náà àpótí kò gbọdọ̀ jókòó sórí ilẹ̀ láìsí ohun tí a fi gbé e sókè.

Ọ̀rọ̀ káńfọ̀ gba kí á dúró dáadáa. Àwọn bọ́ọ̀lù funfun tí wọ́n ń tà lọ́jà kì í yọ́ di omi. Láti òkúta ni wọ́n ti ń di afẹ́fẹ́ tààrà, afẹ́fẹ́ náà ló sì ń lé kòkòrò. Kò lè dá ọ̀rinrin tàbí èbu dúró. Ewu tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Nílẹ̀ wa, nǹkan bí ọmọkùnrin kan nínú márùn-ún ni kò ní ànító èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD. Bí a bá fi aṣọ tó ti gbé inú káńfọ̀ wé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí a bí i, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa fọ́, kí ojú àti ara rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè. Tí àìsàn pọ́njú-pọ́ntọ̀ náà bá le, ó lè ba ọpọlọ jẹ́ tàbí kó pa ọmọ. Kò sẹ́ni tó lè fi ojú lásán mọ ọmọ tó ní in. Nítorí náà, aṣọ ọmọ tuntun, ìpèlé tí wọn yóò fi pọ̀n ọ́n àti ìbora rẹ̀ kò gbọdọ̀ sún mọ́ káńfọ̀ rárá. Ìmọ́tótó àti afẹ́fẹ́ tó láti ṣọ́ wọn.

Ibi tí a ti ká aṣọ ni aṣọ ti ń kú. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó mú aṣọ òkè tó ní fọ́nrán dídán, tó ti wà nílẹ̀ fún ọdún márùn-ún, kó nà á sí ojú fèrèsé. Ìlà kan yóò hàn gbangba láàárín rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á máa yọ níbẹ̀ ju ibòmíràn lọ. Tí a bá fi ìka tọ́ ọ, fọ́nrán dídán á máa ta ìka, nítorí ó ti ṣẹ́, kò sì sí ohun tó lè so ó pọ̀ mọ́. Ìwúwo aṣọ orí rẹ̀ ló tẹ ìlà náà mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́. Irú aṣọ yìí àti gèlè líle, yíyí ló dára fún wọn. Pákó bébà tó máa ń wà nínú ìdì aṣọ ṣeé lò fún un, a lè tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ aláṣọ. Kí á fi aṣọ funfun tó mọ́ wé pákó náà, kí á tó yí gèlè lé e.

Agbádá àti léèsì olókùúta kò yẹ fún háńgà onírin tẹ́ẹ́rẹ́. Gbogbo ìwúwo wọn á rọ̀ mọ́ èjìká, èjìká á sì fà. Irin náà tún máa ń dógùn-ún sí aṣọ funfun lára. Kí wọ́n sùn sílẹ̀, kí ohun tó wúwo jù wà nísàlẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì, kóòtù àti bùbá ankara ni kí á fi háńgà kọ́.

Ti òógùn kò gùn. Aṣọ funfun tí a wọ̀ fún wákàtí méjì péré lè dà bí ẹni pé ó mọ́. Ṣùgbọ́n òróró ara ti wà ní ọrùn àti abíyá rẹ̀, yóò sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú kí oṣù mélòó kan tó kọjá. Ìgbà yẹn, ọṣẹ kò ní ràn án mọ́. Aṣọ tí a ti wọ̀ kò gbọdọ̀ padà sáàárín àwọn tó mọ́.

Ní ti ètò, aṣọ iṣẹ́ àti aṣọ ilé ni kó wà láàárín ìbàdí sí ojú, níbi tí ọwọ́ ti ń tètè tó o. Aṣọ ẹbí ló máa ń tú ilé ká jù: ìró á wà lókè, gèlè á wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìpèlé á sì sọnù pátápátá. Ọ̀nà tó dára jù ni kí á kó odindi ìdì kan, láti ìró dé gèlè tó bá rọ̀, sínú àpò ìrọ̀rí olówùú kan ṣoṣo, kí á fi bébà kékeré kọ òde tí a rà á fún sí i lára. Àpò òwú ń mí, eruku kò sì ráyè wọ̀ ọ́. Kí àdìrẹ ẹlẹ́lùú ní àpò tirẹ̀, nítorí aró máa ń ràn mọ́ aṣọ mìíràn.

Tí ọyẹ́ bá dé, ní oṣù kejìlá tàbí oṣù kìn-ín-ní, afẹ́fẹ́ gbẹ débi pé ètè ń là. Ìgbà náà ni ó yẹ kí á kó gbogbo aṣọ àpótí jáde, kí á gbọ̀n wọ́n, kí á sì nà wọ́n sí ibòji fún òwúrọ̀ kan. Kí ó má jẹ́ inú oòrùn, torí oòrùn ń jẹ aró àti àwọ̀. Kí ó má sì jẹ́ ìta gbangba, torí eruku ọyẹ́. Yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú síra wọn dára. A ó nu inú àpótí, a ó ṣí i sílẹ̀ kó gba afẹ́fẹ́. Nígbà tí a bá wá ń ká wọn padà, ibi tí ìlà wà lọ́dún tó kọjá kò ní tún jẹ́ ojú ibi tí a ó ti ká a. A ó sún un níwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sí ẹ̀gbẹ́.