Bí wọ́n ṣe ń ka ẹni tó ti ṣí kúrò nílùú rẹ̀

Mílíọ̀nù 304 ni iye tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ pé àwọn aṣíkiri tó wà káàkiri ayé jẹ́ lọ́dún 2024. Kò sẹ́ni tó tò wọ́n sójú kan kà. Ìjọba kọ̀ọ̀kan ló kọ tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́nà tó wù ú, nítorí ohun tó fẹ́ fi ṣe. Àwọn onímọ̀ ìṣirò wá kó gbogbo rẹ̀ jọ, wọ́n sì fojú díwọ̀n ibi tó ṣófo. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé kí olùwádìí gidi tó gbé iye kankan síwájú aráyé, á kọ́kọ́ wá ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀, ibi tó ti kọ ọ́, àti ohun náà gan-an tó ń kà.

Ta tilẹ̀ là ń pè ní aṣíkiri? Ìlànà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 1998 sọ pé ẹni tó bá kúrò lórílẹ̀-èdè tó fi ṣe ibùgbé, tó lọ gbé òmíràn fún oṣù 12 ó kéré tán, ni aṣíkiri ọlọ́jọ́ pípẹ́. Bó bá jẹ́ láàárín oṣù 3 sí 12, aṣíkiri ìgbà díẹ̀ ni. Àmọ́ tó bá di kíka àwọn tó ti wà nílẹ̀, ibi tí wọ́n bí èèyàn sí ni wọ́n sábà máa ń wò. Níbi tí kò bá ti sí àkọsílẹ̀ ìyẹn, wọ́n á wo orílẹ̀-èdè tó jẹ́ ọmọ rẹ̀ lábẹ́ òfin. Ọ̀nà méjèèjì kì í mú èèyàn kan náà. Ọmọ tí wọ́n bí síbi tí àwọn òbí rẹ̀ ṣí lọ lè jẹ́ ọmọ ilẹ̀ nínú ìṣirò kan, kó jẹ́ aṣíkiri nínú èkejì, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò rin ìrìn kankan rí.

Èyí tó tún ya ni lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1991, nígbà tí Soviet Union fọ́ sí orílẹ̀-èdè 15. Ẹni tí wọ́n bí sí Russia, tó ti ń gbé Kazakhstan láti ọjọ́ pípẹ́, sùn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó wà nílé, ó jí di aṣíkiri. Ibodè ló wá bá a lójú oorun. Ìyẹn wà lára ohun tó mú kí iye àwọn aṣíkiri àgbáyé fò sókè lójú ìwé.

Orísun tí àwọn olùwádìí gbára lé jù ni ètò ìkànìyàn. Ó kúnná, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọdún 10 ni ọ̀pọ̀ ìlú ń ṣe é. Sweden àti Denmark ní ìwé àkọsílẹ̀ olùgbé tí kì í sùn: ẹni tó bá dé á forúkọ sílẹ̀, torí pé láìní nọ́ńbà tirẹ̀, àtilọ rí dókítà tàbí àtilo báǹkì á di wàhálà. Ẹni tó ń lọ ńkọ́? Kò sí ohun tó máa rí gbà tó bá dágbére, nítorí náà ọ̀pọ̀ kì í dágbére. Orúkọ wọn á ṣì wà nínú ìwé lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ. Àwọn olùwádìí ń fi ìwé orílẹ̀-èdè méjì wéra láti rí àlàfo yìí. Iye tí orílẹ̀-èdè kan ní ó kúrò lọ́dọ̀ òun sábà máa ń kéré sí iye tí èkejì ní ó dé.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí ètò kan ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1961, àwọn òṣìṣẹ́ ń dá díẹ̀ lára àwọn èrò dúró ní pápákọ̀ òfurufú àti èbúté láti bi wọ́n léèrè. Nígbà tó yá, ìdáhùn wọn ni wọ́n fi ń ṣírò ìṣíkiri, títí di ọdún 2020. Ìpète ni ìbéèrè yẹn kà, kì í ṣe ìṣe. Ẹni tó ní oṣù 3 lòun fẹ́ lò lè lo ọdún 10. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2004, orílẹ̀-èdè 10 wọ EU, ìyẹn àjọ ìṣọ̀kan àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, 8 lára wọn láti àárín gbùngbùn àti ìlà oòrùn Yúróòpù. Ìwádìí kan tí ìjọba gbé jáde ṣáájú ti fojú díwọ̀n rẹ̀ pé 5,000 sí 13,000 èèyàn ni yóò máa kún ìlú lọ́dọọdún láti àwọn ibẹ̀. Ohun tí ìṣirò náà dúró lé ni pé Jámánì náà yóò ṣílẹ̀kùn fún àwọn òṣìṣẹ́ láti ibẹ̀. Jámánì kò ṣí i títí di 2011. Àwọn tó dé pọ̀ fíìfíì ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ wọn sì ń gba àwọn pápákọ̀ kéékèèké tí àwọn abíbéèrè kò pọ̀ sí. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn lọ́dún 2011, England àti Wales fi nǹkan bíi 464,000 ju iye tí wọ́n ti fojú díwọ̀n lọ. Kò tọ́ ká di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn tó ṣe ìwádìí náà. Wọ́n kọ ohun tí ìṣirò wọn dúró lé síbẹ̀, ṣùgbọ́n iye nìkan ni àwọn tó ń sọ ọ́ kiri gbé.

Níbi ààlà, ìrékọjá ni wọ́n ń kà, kì í ṣe orí èèyàn. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2015, Frontex, àjọ tó ń rí sí ààlà EU, kéde pé 710,000 aṣíkiri ti wọlé láàárín oṣù 9. Olùwádìí kan ní Yunifásítì Birmingham tọ́ka sí i pé ẹni tó wọ Gíríìsì, tó jáde gba ìlú tí kò sí nínú EU kọjá, tó tún wọ Hungary, ti di ẹni méjì. Frontex sì ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé òótọ́ ni.

Àwọn kan kì í dúró sí ààlà rárá. Àwọn olùwádìí láti Mẹ́síkò àti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ètò kan lọ́dún 1982. Nígbà ọdún Kérésì, tí àwọn tó lọ ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà bá wálé, wọ́n á wọ ìlú kan, wọ́n á jókòó ti ìdílé kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì bi wọ́n léèrè ìtàn ìrìn wọn, ọdún dé ọdún. Lẹ́yìn náà, wọ́n á lọ wá àwọn ará ìlú yẹn tó fìdí kalẹ̀ sí Amẹ́ríkà. Ohun tí ètò yìí fi hàn kò sí nínú ìwé aṣọ́bodè kankan. Bí ìṣọ́ ṣe ń le sí i, tí owó àti ewu ìrékọjá ń pọ̀ sí i, àwọn ọkùnrin tó máa ń lọ tí wọ́n máa ń bọ̀ kò yéé lọ. Bíbọ̀ ni wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ìṣọ́ tí wọ́n ní ó máa dín wọn kù ló há wọn mọ́bẹ̀.

Kíka àwọn tó kú lọ́nà ló nira jù. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá ọdún 2013, ọkọ̀ ojú omi kan rì nítòsí Lampedusa ní Ítálì, èèyàn 368 sì kú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni IOM, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìṣíkiri, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkọsílẹ̀ irú ikú bẹ́ẹ̀, láti 2014. Wọ́n ń lo ìròyìn àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun, ìwé ìròyìn, òkú tí omi gbé wá sétí òkun, àti ẹ̀rí àwọn tó yè é. Bí àwọn tó yè é bá ní àwọn 120 làwọn wọkọ̀, tí wọ́n sì yọ 40, àwọn 80 tó kù á wọ ìwé gẹ́gẹ́ bí òkú àti àwọn tí wọ́n ń wá. Ọkọ̀ mìíràn wà tí ẹnikẹ́ni kò yè nínú rẹ̀. Àwọn ẹbí tó wà nílé ló mọ̀ pé ó gbéra, torí pé fóònù àwọn èèyàn wọn ti dákẹ́ láti òru ọjọ́ yẹn.