Ìwé kíkà kì í ba ọpọlọ jẹ́

Bí ọmọ tó ń múra ìdánwò bá bẹ̀rẹ̀ sí í di orí mú, tó ní òun ka ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìmọ ohun tó wà níbẹ̀, tí àyà rẹ̀ sì ń já, ohun tí ọ̀pọ̀ àgbà máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé kí ó gbé ìwé sílẹ̀, nítorí ìwé àkàjù ti fẹ́ dà á lórí rú. Ìfẹ́ ló mú wọn sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èrò náà kò tọ̀nà, ó sì léwu, nítorí ọmọ tí wọ́n bá ti sọ fún pé orí rẹ̀ fẹ́ dàrú yóò máa ṣọ́ orí náà tọ̀sán tòru.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwọn dókítà. Ní 1960, Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ọmọ ilẹ̀ Kánádà tó ti ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí ń fọ́, tí ìwé kò sì wọ̀ lórí mọ́. Orúkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ń pè é ló lò: brain fag, ìyẹn ni pé ọpọlọ ti rẹ̀. Àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà fi orúkọ náà sínú ìwé ìtọ́kasí wọn ní 1994, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò lára àwọn àìsàn tí wọ́n to sínú ẹ̀dà ti 2013, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ṣì dárúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Ó dùn mọ́ mi pé wọ́n yọ ọ́, nítorí àwọn òyìnbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń lo ọ̀rọ̀ yẹn fún ara wọn láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún; a kò bí i mọ́ orí adúláwọ̀. Ní ti ohun tó ń rìn lórí, tí àwa ń pè ní ọdẹ orí, tí àwọn kan rò pé kòkòrò ni, Roger Makanjuola, dókítà ọpọlọ, ṣe ìwádìí tó jáde ní 1987, ó sì rí i pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àníyàn ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn aláìsàn náà.

Ọpọlọ fúnra rẹ̀ kì í mọ ìrora. Oníṣẹ́ abẹ lè ṣiṣẹ́ lórí ọpọlọ ẹni tó lajú, tó ń bá a sọ̀rọ̀, bí ó bá ti fi abẹ́rẹ́ pa awọ orí rẹ̀ kú. Ohun tó ń dunni ni awọ tó bo ọpọlọ, iṣan ẹ̀jẹ̀, àti àwọn iṣan ọrùn àti ti orí. Ẹni tó tẹ orí kodò fún wákàtí 4, tó di eyín pọ̀ nítorí ìbẹ̀rù, iṣan ọrùn rẹ̀ máa ń le, orí á sì máa fún un bí ẹni tí wọ́n we gèlè fún ní àwéle. Ọkàn tó sì ń ro ẹni tí yóò san owó ilé ìwé àwọn àbúrò bí òun bá fìdí rẹmi kò lè gbọ́ ohun tí ìwé ń sọ.

Nígbà tí àbúrò mi ń múra WAEC, ó máa ń ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ bàsíà omi tútù kí oorun má baà gbé e, tí yóò máa jẹ obì láwẹ́láwẹ́ títí àkùkọ yóò fi kọ. Kafíìnì wà nínú obì bó ṣe wà nínú kọfí; ó ń mú àyà lù kìkì, ó sì ń lé oorun lọ, bẹ́ẹ̀ ojú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tí a kà pamọ́. Láràárọ̀, ó tún ń lo parasitamọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá ń lò ó fún ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù, fún ohun tó ju oṣù 3 lọ, oògùn náà lè di ohun tó ń fọ́ orí. Èyí tí wọ́n po kafíìnì mọ́, ọjọ́ 10 lóṣù ti tó. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn ní aago 10, tó dín obì àti oògùn kù, tó sì ń dìde na ọrùn láàárín ìwé kíkà, ìwé kan náà ló ṣì ń kà, orí rẹ̀ sì fúyẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ó dára kí ọmọ jẹun kí ó tó kàwé, kí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò bóyá ó nílò gíláàsì, kí wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí wọ́n tó fún un ní oògùn ibà. Bí àníyàn náà kò bá lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìtọ́jú wà fún un, títí kan èyí tí a ń fi ọ̀rọ̀ sísọ ṣe. Ṣùgbọ́n orí tó fọ́ lójijì bí ìgbà tí àrá sán, èyí tí ibà àti ọrùn tó le gan-an bá rìn, tàbí èyí tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan rọ pẹ̀lú rẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé onítọ̀hún lọ lójú ẹsẹ̀, kódà bí ó jẹ́ ọ̀gànjọ́ òru.