Owó ìrànwọ́ pàjáwìrì kọ́ ló ń ba físà jẹ́

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Kí àwa tá a wà ní Lọ́ńdọ̀nù ṣáà ti dárúkọ owó pàjáwìrì tí housing association, àwọn àjọ tó ń fi ilé háyà lówó pọ́ọ́kú, máa ń fún àwọn ayálégbé wọn, ẹnì kan á ti ju voice note sórí WhatsApp: "Ẹ má gbà á o, Home Office ń wò yín, wọn ò ní fún yín ní físà míì." Ìyàwó tó wá bá ọkọ ẹ̀ lórí spouse visa á gbọ́ ọ, fíríìjì ti kú, mítà iná ti jẹ emergency credit, ìyẹn iná àwìn, tán, síbẹ̀ kò ní fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù.

Pé owó yẹn kì í ṣe gbèsè, ìyẹn ò le. Èyí tó le ni "no recourse to public funds" tó wà lórí físà, ìyẹn ni pé onífísà ò gbọ́dọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba, torí àwọn èèyàn rò pé gbogbo owó téèyàn ò fi òógùn ṣe ni. List ni jàre! Inú Immigration Rules, òfin tó wà fún físà, ló wà, wọ́n dárúkọ àwọn ìrànwọ́ ìjọba náà lọ́kọ̀ọ̀kan, Universal Credit, Housing Benefit, Child Benefit, PIP (owó àwọn aláàbọ̀ ara), ilé kánsù (ìjọba ìbílẹ̀) àtàwọn míì, owó tí àjọ aláàánú bá mú látinú àpò ara wọn ò sí níbẹ̀. Wọ́n á ní ṣebí ìjọba kan náà ni housing association. Owó George Peabody, oníbáńkì ará Amẹ́ríkà, ni wọ́n fi dá Peabody, ọ̀kan lára àwọn housing association Lọ́ńdọ̀nù, sílẹ̀ ní 1862, ìjọba wo nìyẹn? Mo ní ta ni wọ́n torí owó yìí fi físà dù, wọ́n ní ọ̀rẹ́ àǹtí ẹnì kan ni. Ọ̀rẹ́ àǹtí yìí ò lórúkọ, kò ní nọ́ńbà, àmọ́ gbogbo Peckham ló mọ ìtàn ẹ̀.

Àmọ́ o, kì í ṣe gbogbo owó tí wọ́n ń pín ló jẹ́ tiwọn. Household Support Fund, owó ìrànwọ́ ìjọba fáwọn tí nǹkan le fún, gba ọwọ́ kánsù wá láti 2021 títí di 2026, àwọn kánsù kan sì ní kí housing association bá wọn pín nínú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ irú owó ìrànwọ́ tí kánsù ń fún èèyàn nígbà ìṣòro wà lára list yẹn. Ìyẹn ò ní kí gbogbo ẹ̀ léwu, ṣùgbọ́n mi ò lè ní kí ẹ kàn gbà á. Lójú tèmi, àwọn tó ṣètò owó náà gan-an ló jẹ̀bi jù, wọ́n á béèrè bank statement, wọ́n á béèrè físà tí owó tiwọn ò tiẹ̀ nílò, ìlà kan ṣoṣo tó máa sọ àpò tí owó ti wá, wọn ò ní kọ ọ́.

Torí náà ẹ bi wọ́n ní àpò tí owó ti wá kẹ́ ẹ tó sáìnì, kí wọ́n fi email dáhùn. Tó bá jẹ́ ti kánsù, ẹ kọ́kọ́ rí immigration adviser tó ní ìwé àṣẹ. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ mówó wá kóun bá yín kọ fọ́ọ̀mù, ẹ sá fún un, ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù yẹn.