Bí a ṣe ń mọ kíláàsì síkì tó bá agbára ẹni mu

Ìbéèrè kan náà ni òṣìṣẹ́ tó wà nídìí káńtà ní ilé-ẹ̀kọ́ síkì, ìyẹn eré yíyọ̀ wálẹ̀ lórí òkè oníyìnyín, máa ń bi gbogbo ẹni tó bá wá forúkọ sílẹ̀: ìpele wo lẹ wà? Iye ìgbà tí wọ́n ti wá sórí òkè ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi dáhùn, wọ́n á ní àwọn ti wá lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin, tàbí pé láti kékeré ni àwọn ti ń ṣe é. Ìdáhùn bẹ́ẹ̀ kò wúlò fún òṣìṣẹ́ náà, nítorí pé ẹni tó wá lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín ọdún mẹ́wàá, tó ń lo ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo nígbà kọ̀ọ̀kan, lè ṣì wà láàárín àwọn olùbẹ̀rẹ̀. Ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ ń wá ni ohun tí ẹsẹ̀ ẹni náà lè ṣe, àti irú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ti lè ṣe é láìfòyà.

Pátákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí a ń so mọ́ bàtà líle ni síkì, òun la sì fi ń yọ̀ wálẹ̀ lórí yìnyín tó bo òkè. Irin mímú wà ní etí rẹ̀ méjèèjì, gbogbo ẹ̀kọ́ síkì láti ọjọ́ kìíní sì dá lórí bí a ṣe ń lo etí yìí láti dín eré kù àti láti yí padà. Dídúró ni olùbẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ ń kọ́. Yóò sún orí síkì méjèèjì mọ́ra níwájú, yóò sì ti ìdí wọn síta lẹ́yìn, kí wọ́n lè rí bíi lẹ́tà A. Etí wọn tó wà nínú yóò wá máa ha yìnyín, eré yóò sì rọlẹ̀. Àwọn olùkọ́ tó ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì a máa pè é ní písà fún àwọn ọmọdé, torí pé ó jọ ègé písà kan. Nígbà tí èyí bá ti mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lára, yóò kọ́ bí a ṣe ń yí padà nínú ìdúró yìí kan náà nípa títẹ ẹsẹ̀ kan ju èkejì lọ: ẹni tó bá tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún, òsì ni yóò yí sí.

Láti ibẹ̀ ni ìpele ti ń yàtọ̀ síra. Lẹ́tà A yẹn yóò máa kéré sí i, síkì méjèèjì yóò máa padà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ìyípadà bá ti ń parí, títí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi lè mú wọn rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ ìyípadà dé òpin rẹ̀. Ẹni tó bá lè ṣe èyí lórí ọ̀nà tí kò dà púpọ̀ kò tíì bá ẹni tó lè ṣe é lórí ibi tó dà gan-an dọ́gba. Ẹ̀yìn èyí ni ẹ̀kọ́ yíyí padà lórí etí síkì nìkan láìjẹ́ kí ó yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ń bọ̀, àti ẹ̀kọ́ ibi tí yìnyín ti wú sókè bíi ebè, àti ti yìnyín rírọ̀ tí ẹ̀rọ kò tíì tẹ́.

Àwọ̀ ni a fi ń sọ bí ọ̀nà kan ṣe le tó, ibí yìí sì ni àṣìṣe ti ń wọlé jù. Ní ilẹ̀ Faransé, àwọ̀ ewé ló rọrùn jù, lẹ́yìn náà búlúù, pupa, àti dúdú. Ní Austria, láti orí búlúù ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, kò sí àwọ̀ ewé nínú tiwọn. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń fi àmì kún àwọ̀: òbìrípo aláwọ̀ ewé, igun mẹ́rin aláwọ̀ búlúù, dáyámọ́ńdì dúdú, àti dáyámọ́ńdì dúdú méjì fún ibi tó le jù. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé ojú ọ̀nà búlúù ni òun ń ṣe gbọ́dọ̀ sọ orílẹ̀-èdè tí ó ti ṣe é, nítorí pé búlúù Amẹ́ríkà jẹ́ ìpele àárín, ṣùgbọ́n búlúù Austria lè jẹ́ ibi tí olùbẹ̀rẹ̀ ti ń lo ọjọ́ kejì rẹ̀. Kódà láàárín òkè méjì ní orílẹ̀-èdè kan náà, àwọ̀ kan lè yàtọ̀, torí pé àwọn ọ̀nà tó wà lórí òkè kan ni wọ́n sábà máa ń fi wé ara wọn.

Ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan tún ní orúkọ tirẹ̀ fún ìpele. Ní École du Ski Français, ilé-ẹ̀kọ́ síkì ilẹ̀ Faransé tí aṣọ pupa àwọn olùkọ́ rẹ̀ gbajúmọ̀ káàkiri òkè Alps ní Yúróòpù, àwọn ọmọdé kékeré ń bẹ̀rẹ̀ ní Piou-Piou, wọ́n á kọjá sí Ourson àti Flocon, lẹ́yìn náà wọ́n á gba ìràwọ̀ kìíní, ìkejì, ìkẹta, ìràwọ̀ idẹ àti ìràwọ̀ wúrà. Classe 1, Classe 2 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ ni ti àgbàlagbà tó bá ti kúrò ní olùbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà ń lo nọ́ńbà láti 1 dé 9. Kò pọn dandan kí ènìyàn há àwọn orúkọ wọ̀nyí sórí. Àlàyé tó wà lábẹ́ wọn ni kó kà, torí pé níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ ohun tí ẹni tó fẹ́ wọ kíláàsì náà gbọ́dọ̀ ti mọ̀ ọ́n ṣe.

Ètò pípín akẹ́kọ̀ọ́ sí ìpele yìí kì í ṣe ti òní. Hannes Schneider, ọmọ agbègbè Arlberg ní Austria, ló sọ ọ́ di olókìkí ní ìlú St. Anton ní àwọn ọdún 1920, kí ó tó kó lọ sí North Conway ní ìpínlẹ̀ New Hampshire ní 1939. Ìdí tí ètò náà fi wà títí dòní hàn kedere sí ẹni tó bá ti wà nínú kíláàsì tí kò dọ́gba: ẹni tó lọ́ra jù ni gbogbo wọn yóò máa dúró dè, olùkọ́ kò sì ní lè mú wọn gun ẹ̀rọ tó ń gbéni lọ sókè ju ibi tí ẹni yẹn lè sọ̀kalẹ̀ lọ. Ẹni tó purọ́ ìpele fún ara rẹ̀ ń jìyà, ó sì ń fi àkókò àwọn tó kù ṣòfò. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan yí padà nígbà mélòó kan ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní, kí wọ́n tó fọwọ́ sí ibi tí wọ́n pín in sí.

Ìdáhùn kan náà tún ṣe pàtàkì ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń yá síkì. Ohun tó so bàtà mọ́ síkì ní ìwọ̀n tí wọ́n ń tò ó sí, kí ó lè tú bí ènìyàn bá ṣubú. Ìwúwo ẹni, gíga rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, gígùn bàtà rẹ̀ àti bó ṣe máa ń sáré tó ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n sì pín àwọn tó ń ṣe síkì sí, láti oníwọ̀ntúnwọ̀nsì dé ẹni tó ń sáré gan-an. Bí olùbẹ̀rẹ̀ bá pe ara rẹ̀ ní ìkẹta, síkì lè máà tú nígbà tó bá ṣubú, orúnkún ló sì lè fara gbá a. Lójú tèmi, èyí nìkan tó ìdí fún ẹnikẹ́ni láti sọ òtítọ́ nípa ara rẹ̀.

Fún àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Britain, gbọ̀ngàn oníyìnyín tó wà ní Hemel Hempstead, Milton Keynes tàbí Manchester dára láti fi bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó náwó lọ sí òkè Alps. Ṣùgbọ́n gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ inú gbọ̀ngàn kúrú, kò sí kùrukùru níbẹ̀, kò sí afẹ́fẹ́ líle, yìnyín rẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ wá yóò ṣe dáadáa bó bá fi ara rẹ̀ sí ìpele tó fi ẹyọ kan rẹlẹ̀ sí ti gbọ̀ngàn ní ọjọ́ kìíní. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí kò tíì fẹsẹ̀ kan yìnyín láti ọdún mélòó kan.

Àwọn tó wà ní àárín ló ń ṣòro jù láti pín. Ọ̀pọ̀ wọn lè sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀nà pupa, ṣùgbọ́n ńṣe ni wọ́n ń ti ìdí síkì síta, tí wọ́n sì ń mú ara le gbagidi láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kíláàsì orí búlúù ló yẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀, níbi tí ẹ̀rù kò ti ní jẹ́ kó padà sínú àṣà àtijọ́. Bí kíláàsì kò bá sì bá ènìyàn mu, ọjọ́ kìíní tàbí ìkejì ni kó ti sọ fún olùkọ́, nítorí pé bó bá fi di ọjọ́ kẹta, ẹgbẹ́ tó yẹ kó bọ́ sí yóò ti kọ́ àwọn ohun kan tí kò sí níbẹ̀ láti kọ́.