Lẹ́búlẹ́bú irin: báwo ló ṣe ń di gíà, ibo sì ni ọjà rẹ̀ ń kọrí sí?

Bí ẹ bá ka àbọ̀ ìwádìí mẹ́ta lórí ọjà lẹ́búlẹ́bú irin lágbàáyé, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá iye owó mẹ́ta tó jìnnà síra pàdé. Kì í ṣe pé wọ́n ń parọ́, ohun tí kálukú wọn kà ló yàtọ̀. Ọ̀kan lè ka lẹ́búlẹ́bú nìkan, bó ṣe wà nínú àpò. Òmíràn lè ka gíà àti bọ́ṣì (òrùka tí ọ̀pá ń yí nínú rẹ̀) tí wọ́n fi ṣe. Òmíràn tún lè da òòfà àti ẹnu irinṣẹ́ tí wọ́n fi tungsten, irin kan tó le gan-an, ṣe pọ̀ mọ́ ọn. Nítorí náà, kí ẹ tó gba iye kankan gbọ́, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí wọ́n ti ṣàlàyé ohun tí wọ́n kà. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ pa ìwé náà tì.

Ẹni tó bá mọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ á rí ọ̀nà ọjà náà ju ẹni tó ka iye owó lọ. Ẹ jẹ́ ká mú gíà kékeré kan tó ga ní 20 mm, irú èyí tó máa ń wà nínú pọ́ǹpù ọ́ìlì ọkọ̀. Wọn kì í yọ́ irin dà sínú móòdù láti ṣe é, wọn kì í sì í gbẹ́ ẹ lára irin ńlá. Wọ́n á po lẹ́búlẹ́bú pọ̀. Nínú 100 kg, bàbà lè jẹ́ 2 kg, gíráfáìtì 0.8 kg, ìda tí kò ní jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ móòdù 0.75 kg, irin ló sì kó gbogbo ìyókù. Àpòpọ̀ yìí gbọ́dọ̀ lè ṣàn. Láti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á da 50 g sínú àrọ tí ihò ìdí rẹ̀ tó 2.5 mm, wọ́n á sì ka ìṣẹ́jú àáyá tó fi jò tán. Bí 30 bá ti ń kọjá lọ dáadáa, ẹ̀rọ ò ní lè tètè kún móòdù, ìwọ̀n gíà kan ò sì ní bá ti èkejì mu.

Lẹ́búlẹ́bú náà á ga tó 46 mm nínú móòdù kí ẹ̀rọ tó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ sí 20 mm. Agbára tó fi ń tẹ̀ ẹ́ lè tó 600 MPa, ìyẹn bíi tọ́ọ̀nù 6 lórí ibi tí kò fẹ̀ ju 1 cm lọ níbùú àti lóròó. Ohun tó jáde ti ní eyín, ó sì ṣe é gbé lọ́wọ́, àmọ́ bí ẹ bá fi èékánná ha etí rẹ̀, á rún. Iná ìléru ló máa sọ ọ́ di irin gidi. Ní bíi 600°C, ìda á jó kúrò lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà á lo bíi 20 sí 30 ìṣẹ́jú ní 1,120°C, nínú náítírójìn tí wọ́n fi háídírójìn díẹ̀ sí, kí atẹ́gùn má bàa dógùn-ún sí i lára. Irin kì í yọ́ títí á fi dé 1,538°C, nítorí náà ńṣe ni àwọn hóró rẹ̀ kàn ń so mọ́ra wọn níbi tí wọ́n ti fara kanra. Bàbà ní tirẹ̀ ti yọ́ ní 1,085°C, á sì wọ àárín wọn.

Inú móòdù ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀, kódà bó bá jẹ́ inú iná ló ti fara hàn. Lẹ́búlẹ́bú kì í ṣàn sí ẹ̀gbẹ́ bí omi tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Níbi tí apá tó nípọn ti pàdé apá tó fẹ́lẹ́, ó lè sán nígbà tí wọ́n bá ń tì í jáde, ojú lásán ò sì ní rí i. Ara móòdù tún máa ń dá a dúró, ìdí nìyẹn tí àárín ohun tó gùn kì í fi í ki tó òkè àti ìsàlẹ̀. Bí gíga bá ti ju ìlọ́po mẹ́ta ìbú lọ, ẹ wá ọ̀nà mìíràn. Bí wọ́n bá sì sáré gbé e wọ inú ooru kí ìda tó jáde tán, á lé ròrò, èéfín dúdú á sì bò ó.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, ìwọ̀n rẹ̀ á wà ní bíi 7.0 g fún cm³, nígbà tó jẹ́ pé ti irin tí kò ní ihò jẹ́ 7.87. Ihò tíntìntín ló kó ìyókù. Nínú gíà, ihò wọ̀nyí ń dín agbára kù. Nínú bọ́ṣì idẹ, àwọn gan-an la fẹ́: ìdá 20 sí 25 nínú 100 ara rẹ̀ lè jẹ́ ihò tí wọ́n rọ epo kún. Bí ọ̀pá bá ń yí, tí ó ń gbóná, epo á jáde. Tó bá tutù, ihò á fà á padà. Mo ka èyí sí ọ̀kan lára ọgbọ́n tó dára jù lọ nínú iṣẹ́ irin.

Ìdí tí àwọn oníbàárà fi fẹ́ràn ọ̀nà yìí ni pé ohun tó ju ìdá 95 nínú 100 lẹ́búlẹ́bú ló ń di ọjà. Àmọ́ owó móòdù wúwo. Ó dìgbà tí èèyàn bá fẹ́ ẹgbẹẹgbàárùn-ún ẹyọ kan náà kó tó pé e. Ta ló ń ra irú iye bẹ́ẹ̀? Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ni. Ìjókòó fáàfù, ọ̀pá písítìnì, gíà pọ́ǹpù àti kẹ̀kẹ́ eléyín tó ń fa ṣéènì, inú ẹ́ńjìnnì epo ni gbogbo wọn ń gbé. Ní 2024, ó lé ní mílíọ̀nù 17 ọkọ̀ oníná tí wọ́n tà lágbàáyé, ó sì ju ìdá 20 nínú 100 gbogbo ọkọ̀ tuntun lọ. Ibí yìí ni ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ti ju èje lọ. Nínú mílíọ̀nù 17 yẹn, wọ́n ka ọkọ̀ tó ń lo epo àti iná pọ̀ mọ́ ọn, ẹ́ńjìnnì ṣì wà nínú ìyẹn. Bí àbọ̀ ìwádìí kan kò bá ya irú ọkọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀, kò lè sọ ọjọ́ iwájú gíà fún yín.

Ọkọ̀ oníná pàápàá ń lo lẹ́búlẹ́bú, àmọ́ irú mìíràn ni. Wọ́n lè fi awọ tí kì í jẹ́ kí iná mànàmáná kọjá bo hóró irin lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n sì yan án ní bíi 500°C. Bí wọ́n bá gbé e dé 1,120°C, awọ náà á bàjẹ́, iṣẹ́ á sì bàjẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Òòfà neodymium, òòfà alágbára inú mọ́tò ọkọ̀ oníná, tí Masato Sagawa ní Japan àti àwọn onímọ̀ General Motors ní Amẹ́ríkà ṣàwárí rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, lẹ́búlẹ́bú ni òun náà. Wọ́n máa ń lọ̀ ọ́ kúnná dé bíi ìdá 3 sí 5 nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà. Ṣáínà ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Nígbà tí ìjọba ibẹ̀ ní oṣù kẹrin 2025 sọ pé àfi pẹ̀lú ìwé àṣẹ kí wọ́n tó lè kó oríṣi rare earth (ìdílé irin tí wọ́n ń fi ṣe irú òòfà bẹ́ẹ̀) méje àti òòfà tó ní wọn nínú jáde, àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kan dáwọ́ iṣẹ́ dúró fún ìgbà díẹ̀. Ti tungsten ò yàtọ̀: Ṣáínà náà ló ń wa bíi ìdá 80 nínú 100 rẹ̀. Cobalt tí wọ́n fi ń so ó pọ̀, Kóńgò ti Kinshasa ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá.

Ẹ̀rọ tó ń fi iná lésà kọ́ irin ní ìpele-ìpele ni ariwo rẹ̀ pọ̀ jù. Ó ń lo hóró róbótó tó wà láàárín ìdá 15 sí 45 nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà, owó kílò kan rẹ̀ sì ju ti irin lásán lọ fíìfíì. Tọ́ọ̀nù rẹ̀ kéré, owó rẹ̀ ga. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń mú kí àwòrán ìdàgbàsókè ọjà dà bíi pé gbogbo iṣẹ́ náà ló ń fò.

Ẹni tó bá fẹ́ dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ka owó eruku mọ́ owó ẹ̀rọ. Ní Gallatin, ìpínlẹ̀ Tennessee, Amẹ́ríkà, ní 2011, iná mẹ́ta sọ láàárín oṣù márùn-ún ní ilé iṣẹ́ lẹ́búlẹ́bú irin kan, òṣìṣẹ́ márùn-ún ló kú. Eruku irin tó bà sí inú ilé iṣẹ́ náà ló gbiná, àmọ́ nínú ìkẹta, gáàsì háídírójìn tó jò ló kọ́kọ́ bú gbàù. Eruku tó nípọn ju 0.8 mm lọ ti tó ewu. Ẹ má ṣe fi atẹ́gùn fẹ́ ẹ kúrò láéláé, torí ìgbà tó bá wà lófuurufú gan-an ló ń jó. Ẹ̀rọ tó ń fa eruku mu, tí iná kì í ta lára rẹ̀, ni kí ẹ lò, òkè àjà sì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.