Kí ni orin ń sọ nípa wa? Ìbéèrè láti òde ìyàwó kan ní Kubwa

Ní Sátidé tó kọjá, èmi àti àbúrò mi obìnrin jọ ń bọ̀ láti òde ìyàwó ní Kubwa, Abuja. Gbogbo ọ̀nà ló fi ń bi mí ní ìbéèrè nípa orin tí a gbọ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, mo wá kọ ọ́ sílẹ̀ bí a ṣe sọ ọ́, mo sì fi díẹ̀ kún un.

Bọ̀dá mi, ṣé kì í ṣe fàájì lásán ni orin? Báwo ni orin ijó ṣe ń fi ìwà àwọn èèyàn hàn?

Fàájì ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n olórin tó bá fẹ́ kí owó wọlé gbọ́dọ̀ mọ ohun tó dùn létí ẹni tó ń kì. Èmi máa ń fetí sí nǹkan méjì: ohun tí olórin ń bẹ̀ wá sí, àti ohun tó kàn dárúkọ tó sì kọjá lọ. Ohun tó bá ń bẹ̀bẹ̀ fún, àwùjọ ò tíì gbà á tán. Ohun tó bá dárúkọ láì ṣàlàyé, ó ti mọ́ wa lára.

Ṣé o rí onígángan yẹn nígbà tó dúró níwájú ìyá ìyàwó, tó ń fi ìlù ki oríkì ilé wọn? Ìyá náà bẹ̀rẹ̀, ó ń jó, gèlè rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò lẹ owó mọ́ ọn níwájú. Ọmọkùnrin kan ló wà lẹ́yìn onílù, ó gbé páálí tí wọ́n fi bírò dúdú kọ nọ́ńbà àkáǹtì sí dání. Ìyá na fóònù sí ọmọ rẹ̀, ọmọ tẹ̀ ẹ́, olórin sì gbà á lẹ́nu ìlù pé àlẹ́ẹ̀tì wọn kò ní dákẹ́ láéláé. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó ń jẹ́ àlẹ́ẹ̀tì.

Láti 2007 ni òfin báńkì àpapọ̀ ti sọ fífọ́n náírà di ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀wọ̀n oṣù 6 tàbí ìtanràn ₦50,000, ó kéré tán. A ò kà á sí. Ìgbà tí EFCC ń gbé àwọn gbajúmọ̀ lọ sílé ẹjọ́ ní 2024 ni ara wá ń fu èèyàn. Ọ̀nà tí owó ń gbà ló yí padà. Pé kí wọ́n kì ọ́ lójú àwùjọ, kí o má sì jẹ́ kí onílù lọ lọ́wọ́ òfo, ìyẹn ò yẹ̀.

Àwọn Hausa tí a ń bá gbé ńkọ́?

Orin tiwọn gan-an ló là mí lójú. O ò ní rántí dáadáa, ṣùgbọ́n ní Kaduna, ìyá wa kì í pa rédíò tí Barmani Choge bá ń kọrin. Ọmọ Funtua ní ìpínlẹ̀ Katsina ni, ó kú ní 2013. Igbá ni ìlù rẹ̀: wọ́n á dojú igbá dé lórí omi, wọ́n á máa lù ú, àwọn obìnrin á máa gbè. Amada ni wọ́n ń pè é. Orin rẹ̀ kan tó gbajúmọ̀ gan-an ń rọ àwọn obìnrin pé kí wọ́n di òwò mú. Ẹlẹ́hàá sì pọ̀ nínú àwọn tó ń gbọ́ ọ. Obìnrin tó wà nínú ẹ̀hà lè dín kósáì, àkàrà àwọn Hausa, nílé, kí ọmọ gbé e jáde.

Olórin Yorùbá wo ló máa bẹ obìnrin Yorùbá pé kó ṣòwò? Ìyálọ́jà kàn wà nínú orin wa ni. Ohun tí àwọn olórin wa ń bẹ̀ wá sí ni pé ká má gbàgbé ilé, nítorí a ti lọ jìnnà, a wà ní Abuja, a wà ní Kánádà.

Olórin Hausa mìíràn ni Dan Maraya Jos, ẹni tó kú ní 2015. Kùntìgì olókùn kan ṣoṣo ló fi kọrin nípa karen mota, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọba àti ọlọ́rọ̀ ni ọ̀pọ̀ olórin ń kì.

Ṣé orin ló ń yí àwùjọ padà, àbí àwùjọ ló ń yí orin?

Àwọn àgbà ní orin ní í ṣíwájú ọ̀tẹ̀. Mo gbà, àmọ́ ọ̀tẹ̀ ọ̀hún ti wà nínú kí orin tó jáde. Obìnrin tí kò lè là á mọ́lẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ pé òun fẹ́ ṣòwò lè máa kọ orin Barmani nídìí odó. Ẹnu ẹlòmíràn ló fi sọ ọ́. Nílé olórogún tiwa náà, bẹ́ẹ̀ ló rí.

Kí ló dé tí àwa tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ wá ń jó fújì?

Inú wéré ni fújì ti jáde, orin tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí Mùsùlùmí fún sààrì nínú Ramadan. Ibẹ̀ ni Sikiru Ayinde Barrister ti bẹ̀rẹ̀ ní kékeré. Ó ṣe sójà nígbà ogun abẹ́lé, ó sì gbé orin náà kúrò nínú oṣù ààwẹ̀ wọ òde àríyá. Ohùn ilé kéwú ò kúrò nínú rẹ̀ títí dòní. Bàbá ìyàwó yẹn ń lọ mọ́ṣáláṣí, ìyá rẹ̀ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Olórin kí àwọn méjèèjì nínú ẹsẹ kan náà, kò ṣàlàyé nǹkan kan, ẹnikẹ́ni ò sì yíjú. Àbúrò mi, ìwọ náà wà ní Kaduna ní 2000, nígbà tí ìjà ẹ̀sìn lé wa kúrò ládùúgbò tí wọ́n bí wa sí. Mo mọ iyì ohun tí kò gba àlàyé yẹn.

Àwọn ọmọ wa tí wọn ò gbọ́ Yorùbá dénú ńkọ́?

Ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló dá a lóhùn láti ẹ̀yìn ọkọ̀. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá wa dúró ní Dutse tó wà nítòsí Kubwa, orin àtijọ́ kan ń lọ nínú ọkọ̀, ọmọ náà sì ń gbè é. Bó ṣe kan ibi tí olórin ti ń ṣàdúrà pé kọ́bọ̀ kò ní wọ́n wa, ó dákẹ́.

“Mọ́mì, kí ni kọ́bọ̀?”

Ìyá rẹ̀ ní owó ni, pé ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló ń jẹ́ náírà kan. Ọmọ náà ní kí ni wọ́n wá ń fi rà. Mo sọ fún un pé mo ti fi kọ́bọ̀ márùn-ún ra kúlíkúlí rí ní Kaduna, èmi àti ìyá rẹ̀ sì jọ jẹ ẹ́.