Ọwọ́ Ta Ni Àlùmọ́gàjí Wà?

Iṣẹ́ olùdarí fíìmù ní Hollywood kì í parí lọ́jọ́ tí wọ́n bá ya àwòrán tó gbẹ̀yìn. Ọjọ́ yẹn gan-an nìjà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n ti yà pọ̀ fíìfíì ju ohun tí òǹwòran máa rí lọ. Àfi kí wọ́n gé e, kí wọ́n tún un tò, títí ìtàn á fi jáde níbẹ̀. Ta ló máa gé e kẹ́yìn?

Àdéhùn ẹgbẹ́ àwọn olùdarí, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1936, fún olùdarí fíìmù ńlá ní ọ̀sẹ̀ 10 láti gé e bó ṣe wù ú. Bí ọ̀sẹ̀ náà bá pé, ó kù sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó gbówó kalẹ̀. Wọ́n lè kó èrò sínú ilé sinimá kan, kí wọ́n fún wọn ní káàdì láti kọ ohun tí wọ́n rí sí i. Bí èrò bá ń rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kí wọ́n sunkún, wàhálà dé nìyẹn.

Ìwọ̀nba làwọn olùdarí tí ọ̀rọ̀ wọn labẹ gé. Orson Welles gba àdéhùn pé òun ló máa gé fíìmù òun kẹ́yìn lọ́wọ́ RKO, ilé iṣẹ́ fíìmù kan, lọ́dún 1939, nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ ọdún 24, ó sì fi ṣe fíìmù Citizen Kane. Àríwísí dùn, owó ò wọlé. Nígbà tó fi máa kan The Magnificent Ambersons, àṣẹ yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dún 1942, ó wà ní Bùràsíìlì níbi tó ti ń ya fíìmù mìíràn nígbà tí RKO fi Ambersons han àwọn èrò kan ní Pomona, nítòsí Los Angeles. Àwọn ọ̀dọ́ fi í ṣẹ̀sín. Welles ń tẹ wáyà láti Rio pé ibi báyìí ni kí wọ́n gé, ibi báyìí ni kí wọ́n fi sílẹ̀. Ta ló ń gbọ́? Wọ́n gé ohun tó lé ní ìṣẹ́jú 40 kúrò, wọ́n ya ìparí tuntun tó dùn létí, wọ́n sì ba èyí tí wọ́n gé jẹ́ pátápátá. Kò sẹ́ni tó tún rí i títí dòní.

Olùdarí tí wọ́n bá ṣe báyìí lè bẹ ẹgbẹ́ pé kí wọ́n yọ orúkọ òun. Lọ́dún 1969, olùdarí méjì ṣiṣẹ́ lórí fíìmù kan náà, èkejì gbà á lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́, kò sì sí èyí tó fẹ́ kí orúkọ òun hàn nínú wọn. Ẹgbẹ́ bá hùmọ̀ orúkọ kan, Smithee, ọkùnrin tí ìyá kankan ò bí. Nígbà tí fíìmù náà jáde, ìwé ìròyìn New York Times yin Smithee pé ó mọ iṣẹ́.